Ìgbín Tó Sáré Yé

Ọmọ mi obìnrin gbé àpò òfìfo wá síbi iṣẹ́ ìwádìí mi, ó ní òun wá kó ẹrù mi relé. Kíákíá ni mo ń pè é, torí oṣù méje péré ló lò nínú mi kó tó já sáyé. Aṣọ ló ń rán, ó sì rò pé bó ṣe ń gé aṣọ náà lòun ṣe lè gé iṣẹ́ mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Dókítà ti sọ̀rọ̀."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ojú mi ń kú lọ láti ẹ̀gbẹ́, kò sì sí oògùn tó lè dá èyí tó ti kú padà; èyí tí wọ́n ń kán sójú kàn lè fa ìyókù sẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n kò ní kí n lọ jókòó sílé máa retí òkùnkùn. Inú bí mi gan-an.

"Ṣé ìsinmi ló máa wo ojú mi sàn? Wá wo nǹkan."

Mo mú un lọ sídìí abọ́ ńlá méjì tí mo ti ń tọ́ ìgbín odò. Mo ti jẹ́ kí aràn tó ń mú èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀ wọ ìgbín inú abọ́ kan lára. Ara àwọn inú èkejì dá ṣáṣá.

"Àwọn wo ló ń ṣàìsàn?"

Ó tú ewé wò. Ẹyin kún abẹ́ ewé abọ́ ọ̀tún bámú. Tòsì ò tó nǹkan.

"Tòsì ni."

"Irọ́! Àwọn tó ń yé yẹn ni. Aràn máa jẹ ilé ọmọ wọn run. Tó bá yá, wọ́n á kàn máa sanra lásán ni. Wọ́n ń sáré yé kí ilẹ̀kùn tó tì mọ́ wọn. Aràn ò sì lè dé inú ẹyin yẹn."

"Màmá, ẹ kì í ṣe ìgbín."

"Mo mọ̀. Ìgbín ò bímọ tó ń gbé àpò wá bá a."

Ó rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rín in.

"Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí," mo ní. "Ojú ara mi ni màá fi rí aràn yẹn nígbà tó bá ń jáde lára ìgbín. Bí a ò kú, ìṣe ò tán."

"Tójú yín bá ti kú kó tó dìgbà yẹn ńkọ́?"

"Ẹnu iṣẹ́ ló máa bá mi."

Òfìfo ni àpò náà padà lọ.

Nígbà tí àsìkò tí aràn máa jáde tó, Kíákíá tún dé, tòun tàpò. Ojú mi ti kù bí ihò abẹ́rẹ́. Mo mú ìgbín kan jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, mo fi sínú ife omi lábẹ́ iná, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń pe aràn jáde. Ó ti sanra, kò sì yé mọ́.

"Màmá, mo rí—"

"Panu mọ́! Má bá mi rí i!"

Mo yí ife síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, títí ó fi bọ́ sínú ìwọ̀nba ojú tó kù fún mi. Àwọn aràn ń jáde lára ìgbín, wọ́n ń jó nínú omi bí eruku nínú oòrùn. Kíákíá na ìka síbẹ̀, mo gbá a lọ́wọ́, torí awọ ara ni aràn yẹn ń gbà wọlé. Nínú abọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ tí ẹyin ìgbín yẹn pa ń gun ewé kiri, aràn kankan ò sí lára wọn.

"Ẹ ti pẹ́ jù," mo sọ fáwọn aràn. "Ó ti yé."

Kíákíá ṣí àpò rẹ̀. Mo ti ń múra ìjà. Oògùn ojú mi ló mú jáde.

"Ẹ gbójú sókè, Màmá. Ẹ jẹ́ n kán an sí i, kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín."