Àjà Tó Kọ̀ Jálẹ̀

Ariwo tó máa ń pa mọ́ àwọn tó bá ń ya fọ́tò fún, “Dúró bẹ́ẹ̀! Má mí!”, ló di orúkọ mọ́ ọn lára, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Dúró-Bẹ́ẹ̀. Obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kò sí irú kámẹ́rà tí kò tíì fi kọ́rùn rí. Kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó ń fojú di í.

Nígbà tí àwọn oníbàtà fẹ́ kó kúrò ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, òun ni wọ́n bẹ̀ pé kó bá wọn ya gbogbo inú rẹ̀ sínú fọ́tò kan ṣoṣo, èyí tí yóò gba ògiri ilé iṣẹ́ tuntun láti igun dé igun. Ìyá gbé kámẹ́rà sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó yà á ní ìlà-ìlà: ilẹ̀ àti àga lákọ̀ọ́kọ́, fèrèsé tẹ̀ lé e, àjà gbẹ̀yìn. Ó rí i pé fọ́tò kọ̀ọ̀kan gun èkejì rẹ̀ díẹ̀, bí páànù ṣe ń gun ara wọn lórí ilé. Ibi tí wọ́n ti gun ara wọn yìí ni kọ̀ǹpútà yóò ti wá ohun tó jọra, tí yóò fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n wó gbọ̀ngàn náà palẹ̀. Kò sí àtúnyà mọ́.

Ìyá kó àwọn fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà ilẹ̀ lẹ̀. Ìlà fèrèsé lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ìlà àjà kọ̀ jálẹ̀. Kọ̀ǹpútà kó gbogbo rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbọ̀ngàn wá dúró bí ọkùnrin tí afẹ́fẹ́ ṣí ní fìlà.

“Ẹ̀rọ yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́,” ni Ìyá wí. “Ó ti rí ìdí mi lórí àga yìí, ó ní mo ti dàgbà jù fún òun.”

“Màmá, ẹ̀rọ ò rí ìdí yín,” ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin dáhùn, òun tó kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà.

“Bó ṣe tóbi tó yìí ni kò rí? Ojú ń dùn ún nìyẹn!”

Ọmọ náà tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. “Kí ló dé tí àjà yìí funfun báyìí? Ṣebí ó kún fún àbàwọ́n òjò?”

Ìyá gbé àyà síta. “Mo ti bá wọn nù ún! Gbogbo ibi tí òjò jò sí, gbogbo ilé aláǹtakùn, mo pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́. Ṣé ìdọ̀tí ni kí wọ́n máa wò lára ògiri ni?”

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. “Ohun tí ẹ̀rọ ń wá gan-an lẹ pa rẹ́! Funfun níhìn-ín, funfun lọ́hùn-ún, báwo ló ṣe máa mọ èyí tó bá èyí mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ ti pa ti inú kámẹ́rà náà rẹ́.”

Ìyá fa kámẹ́rà rẹ̀ yọ. Bó ṣe ń fọ ìkòkò lẹ́yìn oúnjẹ ló ṣe máa ń nu gbogbo fọ́tò kúrò nínú kámẹ́rà lẹ́yìn iṣẹ́. Ó sáré ṣí i wò. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, tìdọ̀tí-tìdọ̀tí! Fọ́tò kan tí wọ́n ya òun alára láàárín àwọn oníbàtà ló mú kó má lè pa ohunkóhun rẹ́. Ó rẹwà jù lójú ara rẹ̀.

Wọ́n fi àwọn fọ́tò onídọ̀tí náà rọ́pò. Kọ̀ǹpútà lẹ̀ wọ́n, ó ku igun kan. Ìyá jókòó tì í fúnra rẹ̀. Ó rí àbàwọ́n kan tó dà bí bàtà tó ti fẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó fi àmì sí gìgísẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò kan, ó fi sí gìgísẹ̀ kan náà nínú èkejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí imú bàtà náà. Àjà rọra jókòó sáyè rẹ̀, pẹ́kí.

“Ó ti lẹ̀ báyìí, Màmá. Ẹ lè wá nu ìdọ̀tí yín.”

“Ta ló máa nù ún? Gbẹ́nu sọ́hùn-ún!”

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́, ọ̀gá àgbà àwọn oníbàtà dúró níwájú ògiri, ó na ìka sókè. “Ẹ wo ibi tó ń jò! Abẹ́ ẹ̀ gan-an ni àga mi wà, àtàrí mi ló máa ń kán sí! Ta ló lẹ̀ gbogbo èyí pọ̀?”

“Èmi ni!” Ìyá gbá ìdí ara rẹ̀ pàá. “Èmi àti ìdí mi!”

Ó ti gbé kámẹ́rà sójú. “Bàbá, ẹ sún sábẹ́ ibi tó ń jò yẹn. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má mí!”