Aago Lọ́ńdọ̀nù ní Kabala Doki

Túndùn kò tíì jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù Àlàájì Gàfárù ní Kabala Doki, ní Kaduna, tí ó fi mọ̀ pé ẹjọ́ òun ti ṣíwájú òun débẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, lópin oṣù kẹta ọdún 1998. Kò sí ẹni tí ó dáhùn ìkíni rẹ̀.

Aago tí Túndùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ń tàn lára ògiri: Kaduna, mẹ́wàá, Lọ́ńdọ̀nù, mẹ́sàn-án. Lábẹ́ rẹ̀ ni Jemilat ará Trikania jókòó sí, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ọkọ rẹ̀ máa ń dúró ti tẹlifóònù ìta kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti ọ̀hún. Lánàá, aago ògiri yìí ni Jemilat gbójú lé. Ó dúró títí tiwa fi di mẹ́fà, tí ti Lọ́ńdọ̀nù lára ògiri sì di márùn-ún, kí ó tó pè. Tẹlifóònù dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

"Ẹ wá wo ẹ̀ńjíníà tí ó jáde yunifásítì," ni Gàfárù wí fún gbogbo ilé. "Aago tí wọ́n ń kiri tà ní àdúgbò Nasarawa kò parọ́ fún mi rí. Tìrẹ ni ó kọ́kọ́ parọ́."

Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ tí yóò pinnu lọ́la bóyá Túndùn ni yóò ṣe aago ńlá gbọ̀ngàn wọn. Ọdún méjì ni ó ti ń retí iṣẹ́ náà.

Túndùn lọ síbi ògiri. Ó gbé aago náà sọ̀ kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Nígbà tí ó ń gbé e kọ́, ó ti ṣàlàyé fún Àlàájì pé àwọn òyìnbó a máa sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan ní Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta, tí yóò sì bá tiwa dọ́gba títí di oṣù kẹwàá. Òfin ọ̀hún a máa yí padà, nítorí náà kò fi ọjọ́ náà sínú ṣípù tí ó jẹ́ ọpọlọ aago náà. Bọ́tìnnì ni ó fi sẹ́yìn, pé kí Àlàájì tẹ̀ ẹ́ bí ọjọ́ bá pé. Nísinsìnyí, gọ́ọ̀mù líle ni ó bá lórí bọ́tìnnì.

"Àlàájì, ta ni ó da èyí sí i?"

"Èmi ni. Haba, àkókò tí Ọlọ́run dá, ta ni ń sún un?"

Gàfárù sún mọ́ Túndùn, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí. Kí Túndùn ṣáà gbà lójú Jemilat pé òun ni ó ṣe àṣìṣe náà, aago gbọ̀ngàn ti di tirẹ̀.

Túndùn fa ọ̀bẹ kékeré yọ nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Lójú gbogbo ènìyàn, ó rọra ha gọ́ọ̀mù náà kúrò, ó tẹ bọ́tìnnì. Mẹ́sàn-án di mẹ́wàá.

"Jemilat," ni ó wí, "aago kọ́ ni ó ṣì ọ́ lọ́nà, wọ́n dí i lẹ́nu ni. Aago márùn-ún tiwa ni kí o máa pè títí di oṣù kẹwàá."

"Gbọ̀ngàn yẹn, gbàgbé ẹ̀," ni Gàfárù wí.

"Mo ti gbọ́, Àlàájì."

Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, Jemilat ti dìde, ó ti dojú kọ Àlàájì.