Awọ Òwú Inú Bátìrì

Ọdún kẹta rèé tí obìnrin náà ti ń jà fitafita lórí ohun tí kò nípọn tó irun orí. Nínú bátìrì tó ń gba ṣáàjì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó pààlà sáàárín ojú méjèèjì rẹ̀. Bí ojú méjèèjì bá fara kanra, iná á sọ. Bí àwọn ihò tíntìntín ara awọ náà bá sì dí pa, bátìrì ò ní ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ onílàjà ni: kó má jẹ́ kí wọ́n kanra, kó sì jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn. Ọ̀rá tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Obìnrin yìí ní àkísà òwú lòun máa fi ṣe tòun, kó lè jẹrà bí wọ́n bá lò ó tán. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìyá Alákìísà nílé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́. Òun náà ń jẹ́ ẹ.

Àmọ́ àkísà ò gbọ́ràn. Á gé e, á sè é, á lọ̀ ọ́ kúnná nínú omi, á tẹ́ ẹ sórí asẹ́, á wá gbé e sínú ààrò. Awọ náà á jáde, á máa dán, á lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ihò tíntìntín ara rẹ̀ á ti pa dé. Ó ṣe é nígbà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin tí kì í pariwo, pè é.

"Ìyá Alákìísà, bí oṣù yìí bá parí báyìí, a máa padà sídìí ọ̀rá o. Kì í ṣe pé o ò gbìyànjú."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju èébú lọ.

Ní Sátidé, ó lọ kí bàbá rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe bébà, kí wọ́n tó tì í pa. Látìgbà náà, kò mẹ́nu ba iṣẹ́ ọ̀hún mọ́. Bí ọmọ ṣe ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú báàgì, ọ̀kan lára awọ náà já bọ́ sórí tábìlì. Bàbá mú un, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ya etí rẹ̀ díẹ̀, ó sì tẹ́tí sí bó ṣe ń ya.

"Ta ló yan bébà yìí bí ẹni yan àgbàdo?"

"Èmi ni, sà. Kì í ṣe bébà, ti bátìrì ni."

"Bébà ni. Ìwọ lo sọ ọ́ di pákó."

"Ó ṣáà gbọ́dọ̀ gbẹ, Bàbá."

"Ṣé mo ní kó má gbẹ ni? Omi kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Bó ṣe ń jáde ló ń fa àwọn fọ́nrán òwú yẹn mọ́ra, tí wọ́n á fi fún pọ̀ pinpin. O tún wá fi ooru lé e."

"Báwo lẹ̀yin ṣe máa ń ṣe é?"

Bàbá gbé awọ náà sílẹ̀. "O ò bi mí rí."

Òótọ́ ni. Gbogbo ọdún tó fi kàwé lórí ohun tó ń so fọ́nrán pọ̀, kò wá sí i lọ́kàn rí pé ẹnì kan wà nílé wọn tó ti fọwọ́ kàn án. Ojú tì í. Ó fa àga sún mọ́ bàbá rẹ̀, bàbá sì ń ròyìn iṣẹ́ náà fún un títí oúnjẹ wọn fi tutù. Ọgbọ́n ilé iṣẹ́ bébà ò lè bá ti bátìrì mu tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ omi yẹn ò kúrò létí rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ó bi ara rẹ̀ pé: bó bá jẹ́ omi ló ń fún un pa, ṣé kò sí ohun tí kì í fà tó bẹ́ẹ̀? Ó rẹ awọ tuntun kan tó ṣì tutù sínú sípíríìtì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kó tó gúnni lábẹ́rẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, títí sípíríìtì fi lé omi jáde. Ó wá jẹ́ kó rọra gbẹ láìsí ààrò. Èyí ò dán rárá, ńṣe ló rí bíi ṣọ́ọ̀kì. Ó kán omi bátìrì sí i lára, awọ náà sì gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀: àwọn ihò náà ò pa dé.

Wọ́n gbé e sínú ooru pẹ̀lú awọ ọ̀rá. Ti ọ̀rá súnkì, tòwú ò mira. Bátìrì méjìlá ni wọ́n fi dán an wò, wọ́n gba ṣáàjì ní ọ̀ọ́dúnrún ìgbà. Ọ̀kan bàjẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú àbájáde rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa gba sípíríìtì náà padà kó má ṣòfò, ìyẹn ò tíì yanjú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò sọ̀rọ̀ ọ̀rá mọ́.

Nísàlẹ̀ àbájáde náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bébà. Ó kà á fún un lórí fóònù.

"Wọ́n á bi ọ́ pé ìwé mélòó ni mo kà," ni bàbá wí.

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé ìwé tí mo ṣe pọ̀ ju èyí tí wọ́n kà lọ."