Ẹni Tí Wọ́n Wá Wò ní Tulsa

Ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn, Jaycie Tackett kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé orí láti di irun ara rẹ̀. Arvella ló bá a dì í, níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìdíje ní ìlú Tulsa, ní Amẹ́ríkà. Oòrùn oṣù Keje ti ń yan ilẹ̀ pupa ibẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Ọmọ náà jókòó lórí garawa tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí, ó di eyín rẹ̀ pọ̀.

"Láti ìgbà wo ni?" Arvella bi í.

"Kì í ṣe nǹkan kan, mà. Mo sùn lé e lórí ni."

"Jaycie."

"Láti ìgbà tá a lọ sí Ardmore."

Nígbà tí wọ́n lọ díje ní Ardmore, ilé ìwé kò tíì gba ìsinmi. Arvella fi rọ́bà de irun náà. Inú ń bí i, àmọ́ kì í ṣe sí ọmọ náà.

Òun ló kọ́ Jaycie bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tí wọ́n sì ti ta àwọn màlúù, ó ti sọ abà ẹ̀yìnkùlé di ibi tí àwọn ọmọbìnrin ìlú ti ń kọ́ sọ́fítìbọ́ọ̀lù, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ kí ẹlòmíràn fi igi gbá a. Òbí tó bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tó yẹ kí ọmọ òun lọ ṣe ìdánwò fún, tàbí kóòṣì tó yẹ kó sá fún, ìdí tábìlì ìdáná Arvella ló ń wá jókòó sí. Ó sì máa ń sọ òótọ́ fún wọn, bí òótọ́ náà kò tilẹ̀ dùn. Ó ti sọ fún Marla, ìyá Jaycie, nígbà kan pé Dwight Holcomb, kóòṣì ẹgbẹ́ Jaycie, kì í tọ́jú ọmọ. Marla dá a lóhùn pé Holcomb ló mọ àwọn ará yunifásítì, pé ta ló tún kù?

Marla kò parọ́. Òfin àwọn yunifásítì ni pé kóòṣì wọn kankan kò gbọdọ̀ bá ọmọ tàbí òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọmọ náà tó wọ ọdún kẹta rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n lè wá wò ó. Wọ́n lè jókòó lẹ́yìn wáyà tó yí pápá ká kí wọ́n máa wò ó láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àmọ́ bí ọmọ bá kí wọn, orí lásán ni wọ́n máa mì. Kóòṣì ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè bá sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Nítorí náà, gbogbo ohun tí Jaycie mọ̀ nípa ọjọ́ iwájú ara rẹ̀, ẹnu Holcomb ló ti gbọ́ ọ. Holcomb sì ti sọ fún un pé obìnrin kan láti yunifásítì kan ní Kansas ń bọ̀ ní Tulsa, pé Jaycie ló fẹ́ wá wò.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé adìyẹ ni Marla ń ṣiṣẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ kì í ká dáadáa mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Bí Jaycie kò bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò sí ibòmíràn tó máa lọ ju ibẹ̀ lọ.

"Kò ní jù lónìí," Arvella sọ fún Marla, tó ń bọ̀ pẹ̀lú kúlà yìnyín lọ́wọ́. "Apá ọmọ yìí ń dùn ún láti ìgbà Ardmore."

Marla gbé kúlà náà kalẹ̀. "Àǹtí, ìsàlẹ̀ ló ti ń jù ú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ti ìsàlẹ̀ kì í ba apá jẹ́. Ti àwọn ọkùnrin tó ń jù láti òkè ló ń bà á jẹ́."

Gbogbo ènìyàn ní agbègbè yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọkùnrin bá ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan á jókòó máa kà á, bó bá ti pé iye kan, òfin ní kí wọ́n mú un kúrò. Ti àwọn ọmọbìnrin, kò sẹ́ni tó ń kà á. Apá wọn á máa yí bí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń fa omi lóko, láti ìdíje kan sí òmíràn, títí oòrùn á fi wọ̀.

"Bá Holcomb sọ̀rọ̀," Arvella ní.

"Ẹ mọ̀ pé mi ò lè bá a sọ̀rọ̀ lónìí."

Òfin Holcomb nìyẹn, àwọn kóòṣì mìíràn náà sì ní irú rẹ̀. Òbí kankan kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdíje, àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́. Òbí tó bá rú u, ọmọ rẹ̀ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá kan ti béèrè ìdí tí ọmọ òun kò fi rí eré ṣe rí, ọmọ náà kò sì tún wọ pápá mọ́ títí ìgbà ẹ̀rùn yẹn fi parí.

Jaycie dìde lórí garawa. "Mo lè jù, Mọ́mì. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì."

Ó jù ú nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n sì borí. Nígbà tí eré kejì máa bẹ̀rẹ̀, Maddox, ọmọ tó yẹ kó gba ipò rẹ̀, ti ń na ara, àmọ́ Holcomb na ìka sí Jaycie. Ọkùnrin tó sanra ni, ó máa ń jẹ èso sunfláwà, á sì máa tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Arvella gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn wáyà.

"Kóòṣì, apá mi ti le díẹ̀," Jaycie sọ.

"Apá ta ni kò le? Ó rẹ gbogbo wa." Ó tu èèpo. "Obìnrin Kansas ti dé. Ṣé yunifásítì lo fẹ́ lọ, àbí o fẹ́ lọ bá ìyá ẹ gé adìyẹ?"

"Yunifásítì, sà."

"Ó dáa. Lọ jù ú."

Arvella lọ jókòó lẹ́yìn wáyà, níbi tí àwọn kóòṣì yunifásítì máa ń tẹ́ àga wọn sí. Obìnrin náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni, fìlà rẹ̀ ní àmì ilé ìwé rẹ̀ lára. Arvella kò kí i, kò sì retí kó kí òun. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fi jókòó síbẹ̀ ti kọ́ ọ pé nígbà tí ẹnu bá dákẹ́, ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wá wo ajubọ́ọ̀lù máa gbé ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn sókè, èyí tó ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó. Bọ́ọ̀lù kan kò ní kọjá kó má gbé e.

Ìbọn obìnrin Kansas wà nínú àpò rẹ̀ nílẹ̀, ó sé àpò náà. Aago kékeré kan ló mú dání. Jaycie ju bọ́ọ̀lù tó ga sókè lójú ẹni tó di igi mú, ọmọ náà gbá afẹ́fẹ́, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ obìnrin náà kò mira. Lẹ́yìn náà, ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá díje, tó wà ní bèèsì àkọ́kọ́, ìyẹn ibi ìdúró àkọ́kọ́, sáré láti jí èkejì gbà kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Brynn, tó lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó di igi mú láti máa hán bọ́ọ̀lù tí Jaycie bá jù, dìde wùyà, ó sọ bọ́ọ̀lù náà lọ sí bèèsì kejì. Àtàǹpàkò obìnrin náà tẹ aago, ó tún un tẹ̀, ó fi ń ka bí bọ́ọ̀lù Brynn ṣe yára dé ibẹ̀ tó. Ó wo iye tó kọ síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Brynn ni ọmọ Holcomb.

Arvella jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi tún jí bèèsì lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá ara rẹ̀ lójú. Àtàǹpàkò tún tẹ aago. Nígbà náà ló yé e pé kò sẹ́ni tó wá wo Jaycie. Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù kò lè fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni tó ń jù ú bá ń jù ú sílẹ̀ kiri. Ó nílò ajubọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Apá Jaycie ni Holcomb fi ń pàtẹ ọmọ rẹ̀.

Ó lọ bá Marla lábẹ́ agboòrùn, ó sì sọ fún un. Marla wo ọ̀ọ́kán obìnrin Kansas.

"Ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì ló wá wò."

"Ìbọn rẹ̀ wà nínú àpò, Marla."

"Ó ṣì lè yọ ọ́." Ohùn Marla ti lọ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Tí mo bá lọ mú un kúrò tí ọ̀rọ̀ ò sì rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa dá àǹfààní yẹn padà fún un?"

Arvella fi í sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Kì í ṣe òun ló bí ọmọ náà, kò sì lè wọ pápá. Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn kúrò lórí ilẹ̀ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ sí ibi tí wọ́n gbé omi sí, ó fi ìka pe Jaycie wá sí ìdí wáyà. Brynn náà wà nítòsí, ó ń da omi sórí, ìbòjú rẹ̀ wà lókè orí.

"Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n wá wò," Arvella sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "Obìnrin Kansas yẹn kò gbé ìbọn sókè rí láti ìgbà tó ti dé. Ti Brynn ló ń kà. Sọ pé apá ń dùn ẹ́, kó o jókòó."

Jaycie wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O mọ̀?"

Omi ń ro láti àgbọ̀n Brynn. "Dádì ní kí n má sọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù tó kọjá." Brynn fi apá nu ojú. "Jaycie, jọ̀ọ́. Tí Maddox bá wá jù ú, inú iyẹ̀pẹ̀ ni mo máa wà, mò ń wá bọ́ọ̀lù kiri bí adìyẹ. Ìpele kan péré ló kù."

"Ìyẹn nìkan lo ní láti sọ fún mi?"

Brynn fa ìbòjú rẹ̀ wálẹ̀. Arvella rò pé Jaycie máa bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ Jaycie ń wo òdìkejì, níbi tí obìnrin Kansas jókòó sí, ojú rẹ̀ sì ti le.

"Ṣé inú àpò yẹn ni ìbọn náà wà?"

"Jaycie, má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tíì jù ú dáadáa lónìí ni, Àǹtí. Mo ń rọra jù ú torí apá mi. Tí mo bá ju ọ̀kan tó dáa gan-an, ó máa yọ ọ́."

"Ọmọ mi, gbọ́ mi."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kí n máa jẹ́ kí wọ́n rí mi."

Òótọ́ ni. Arvella ti sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó kọ́.

Jaycie padà sórí ilẹ̀ pupa náà. Ó fi ẹsẹ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ó mí, ó sì ju àkọ́kọ́. Ó yára ju gbogbo èyí tó ti jù láti àárọ̀ lọ, ìbọ̀wọ́ Brynn dún gbàì. Ó wo obìnrin náà. Obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀ọ́kán rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ síwájú lórí àga. Jaycie rí i. Arvella náà rí i. Ọwọ́ obìnrin náà lọ sí ìdí àpò.

Bọ́ọ̀lù kejì kò dé ọwọ́ Brynn. Bí apá Jaycie ṣe yí dé ìsàlẹ̀, ohun kan ró bí igi gbígbẹ tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́, àwọn tó jókòó lókèèrè pàápàá gbọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù náà yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ wáyà fúnra rẹ̀. Jaycie kúnlẹ̀, ó gbá apá náà mọ́ra, kò sì ké.

Holcomb kọ́kọ́ yíjú sí bẹ́ǹṣì. "Maddox, lọ na apá." Lẹ́yìn náà ló tó wọ pápá.

Marla ti gun orí wáyà, ó sì ti bọ́ sí òdìkejì. Holcomb na ọwọ́ dá a dúró. "Ọ̀la, Ìyá Jaycie. Ẹ mọ òfin."

"Mi ò wá bá ẹ sọ̀rọ̀," Marla sọ. "Yà fún mi, kí n rí ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n ń gbé Jaycie kọjá, obìnrin Kansas ti dìde. Ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó rántí òfin, ó pa á dé.

Dókítà sọ pé egungun náà ti là tipẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti Ardmore, pé ó kàn ń dúró de ọjọ́ tó máa ṣẹ́ pátápátá ni. Ó ní ó máa so. Nígbà tí Jaycie béèrè pé ìgbà wo lòun máa tún jù, dókítà náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó so ná, ó sì kọjú sí ìyá rẹ̀ dípò ọmọ náà. Marla lọ sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí pé kò sẹ́ni tó máa bá a lọ. Bó ṣe ń jáde lọ, tó bá Arvella pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ní, "Ká ní ẹ ò sọ fún un, kì bá tí jù ú tagbáratagbára." Kò pariwo. Arvella ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ṣáájú.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n kéde pé Holcomb fẹ́ ṣe ìdánwò àṣàyàn, ajubọ́ọ̀lù ló ń wá. Arvella gbé àga lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo òbí tó bá bọ́ sílẹ̀. Òbí kan yí ọkọ̀ padà. Àwọn yòókù gbọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń lọ.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì dúró pẹ́ jù wọ́n lọ. Ọmọ rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, nọ́ńbà ìdánwò ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ó ti wá àyè fún ọmọ kan ní yunifásítì ní Kansas, àbí irọ́ ni?"

"Ọmọ tirẹ̀ ni."

"Ó ṣáà wá àyè náà fún un," obìnrin náà sọ. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Kò sí ẹlòmíì nítòsí ibí, mà. Ẹ sọ ẹnì kan fún mi."

Arvella wá ẹnì kan lọ́kàn, kò rí. Ó tẹ̀ ba sọ́dọ̀ ọmọ náà. "Tí apá bá ń dùn ẹ́, ta lo máa kọ́kọ́ sọ fún?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ó wo pápá, níbi tí Holcomb ti ń fi súfèé pe àwọn tó kù, èèpo sunfláwà lẹ́nu rẹ̀.

"Kóòṣì," ó dáhùn, ó sì sáré lọ.