Ìpínrọ̀ Kẹfà Lórí Afárá Kanyin Gon

Ẹni tí kò bá ìjọba ṣeré bójúbójú rí kò lè mọ bí Daw Yin Nwe ṣe gbọ́n tó. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi kọ ìròyìn ní Yangon, ìlú wa, nígbà tí kò sí ìwé ìròyìn kan tó gbọ́dọ̀ jáde láìkọ́kọ́ gba ọ́fíìsì ìjọba kan kọjá. Àwọn ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀, gègé pupa ló ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ohun tí kò bá sì ti dùn mọ́ wọn nínú, wọ́n á gé e ni. Wọ́n gé ebi, wọ́n gé iná mànàmáná tí kò sí, wọ́n gé orúkọ ẹni tó kú. Lọ́dún kan wọ́n gé òjò. Wọ́n ní òjò inú ìròyìn yẹn ti pọ̀ jù, pé ó lè kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá aráàlú, bẹ́ẹ̀ omi ti dé orúnkún aráàlú lójú pópó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá ajá gbélé á mọ ohun tí ajá fẹ́ràn. Àwọn akọ̀ròyìn ìlú wa dá ọgbọ́n kan, wọ́n pè é ní eegun. Bó o bá ní òótọ́ kan tó o fẹ́ kó kọjá, o ò ní dá òun nìkan rán lọ. Wàá ki irọ́ gbàǹgbà kan bọ̀ ọ́ láàárín, irọ́ tó le débi pé afọ́jú pàápàá á rí i. Ẹni tó ń gé ìròyìn á gé irọ́ yẹn pẹ̀lú ìbínú, inú ẹ̀ á dùn pé òun ti ṣiṣẹ́ òòjọ́, òótọ́ á sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Nínú ká ju eegun, Daw Yin ò lẹ́gbẹ́. Àwọn akọ̀ròyìn kéékèèké máa ń wá tọrọ eegun lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni tọrọ iyọ̀.

Àfi bí ìjọba ṣe ṣàdédé yí padà. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni, òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kò sí gígé mọ́. Kí kálukú máa tẹ ohun tó wù ú, bó bá wá dẹjọ́, kó rí ilé ẹjọ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Daw Yin ń kọ ìròyìn afárá Kanyin Gon.

Kanyin Gon jẹ́ abúlé kan létí odò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, Daw Ohn Tint, ló ránṣẹ́ pè é. Obìnrin náà ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi àtíkè igi tẹ́náká para lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó mú Daw Yin lọ sábẹ́ afárá, ó ní kó ki ọwọ́ bọ ibi tí òpó kẹta ti sán. Ọwọ́ Daw Yin wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó fa iyanrìn jáde, iyanrìn lásán, símẹ́ńtì inú ẹ̀ ò tó ohun téèyàn ń fi tọ́ ọbẹ̀ wò. Afárá tí wọn ò tíì lò tó ọdún kan ni o.

“Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló ń gba orí ẹ̀ kọjá láàárọ̀, tí wọ́n tún ń gba orí ẹ̀ padà lọ́sàn-án,” ni Daw Ohn Tint wí. “Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti kọ̀wé sí ìjọba. Àwọn òbí ò dá mi lóhùn, wọ́n ń sá ìrẹsì lórí afárá. Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n gé èyí.”

“Wọn ò ní gé e, Sayama. Mo ṣèlérí fún yín.”

Daw la fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin lọ́dọ̀ wa, U fún ọkùnrin. Olùkọ́ ọkùnrin la máa ń pè ní Saya, obìnrin ni Sayama, a sì máa ń pe Daw Yin náà bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ gègé ẹ̀.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó jókòó, ó kọ ọ́. Ó kọ bí òpó ṣe sán tó, ó kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ó kọ iye ọmọ. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, olóòtú ń kánjú. Nígbà tó dé ìpínrọ̀ kẹfà, ọwọ́ ẹ̀ ju eegun fúnra ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá náà, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀nà dúró létí odò, ó wo afárá náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní òun ò ní gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ fi agboòrùn bò ó, wọ́n wà á dé òdìkejì, ó lọ jẹun. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní, “Aráàlú la kọ́ ọ fún.” Kò sí ẹyọ òótọ́ kan nínú ẹ̀.

Olóòtú, U Pe Thaung, kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó dé ìpínrọ̀ kẹfà. “Eegun yìí ládùn,” ló wí, “wọ́n á gé e títí ìwé á fi ya.” Ẹni tó ń to lẹ́tà náà rẹ́rìn-ín, ó tò ó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba tó àwọn mẹ́ta yẹn lọ́jọ́ náà. Ìwé ìròyìn lọ sí ilé ìtẹ̀wé tààrà, kò yà síbì kankan, torí kò síbì kankan tó máa yà sí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Daw Yin wà ní ilé tíì tó máa ń jókòó sí, lórí àpótí kékeré, ó ń mu tíì oní-mílíìkì, inú ẹ̀ ń dùn. Ó rí i tí àwọn èèyàn ń kàwé ìròyìn náà sókè fún ara wọn, tí wọ́n ń fọwọ́ lu itan. Ó rò pé ìròyìn òpó tó sán kì í ṣe ohun téèyàn ń fọwọ́ lutan sí. Ibẹ̀ ló wà tí ọkùnrin kan fi fa àpótí tiẹ̀ sún mọ́ ọn. U Hpone Naing ni, ọkùnrin tó ti ń gé ìròyìn ẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá.

“Sayama Yin, ẹ kú àárọ̀.”

“Saya Hpone. Ẹ ò níṣẹ́ lónìí ni?”

“Iṣẹ́ kẹ̀? Wọ́n ní ká ṣì máa wá, ká máa jókòó. Mo dúró sílé lánàá, ìyàwó mi lé mi jáde. Ó ní mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé lẹ́tà tí àbúrò òun kọ sí òun.”

“Ṣé lẹ́tà náà burú ni?”

“Ó gùn jù.” Ó na ìwé ìròyìn sí i. Ó ti fi pupa fa ìlà kọjá lórí ìpínrọ̀ kẹfà, ìlà tó gún régé. “Mo ti bá yín gé e. Ẹ má dúpẹ́.”

Daw Yin wo ìlà pupa náà, ó tún wo àwọn tó ń fọwọ́ lu itan. Ó gbé ife tíì sílẹ̀.

“Yéè,” ló wí jẹ́jẹ́. “Kò sẹ́ni tó gé e.”

“Ta ni ì bá gé e? Mi ò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé eegun ni?”

“Ọdún mẹ́rìnlá, Sayama. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀. Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní ọ̀gá? Tèmi náà máa ń kà á bóyá mo gé nǹkan. Bí ẹ bá ju eegun, èmi náà á rí nǹkan gé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti mínísítà tó ń kọ́ ẹyẹ ayékòótọ́ ní ìbúra. Mo sunkún nígbà tí mo gé ìyẹn.”

Daw Yin ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti wọnú òjò.

Ní ọ́fíìsì, lẹ́tà ti ṣáájú ẹ̀ dé. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ọ̀nà ní òun ò wọ ọkọ̀ ojú omi kankan, òun ní ẹlẹ́rìí, òun ní fọ́tò, kí ìwé ìròyìn náà kéde pé irọ́ ni gbogbo ìròyìn afárá náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ẹjọ́ yá.

“Gbogbo ẹ̀ kọ́ nirọ́,” ni Daw Yin wí. “Ìpínrọ̀ kẹfà nìkan ni.”

“Lọ wí bẹ́ẹ̀ fún adájọ́.” U Pe Thaung di orí mú. “Ọdún mẹ́rìndínlógún lo fi ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ ká sòótọ́. Wọ́n jẹ́ ká sọ ọ́ fún ọjọ́ kan péré, irọ́ lo fi ṣí i.”

“Ìwọ náà ò kà á ni? Ta ló ní ó ládùn?”

Fóònù dún, Daw Ohn Tint ni, láti abúlé. Ó ní ìwé ìròyìn ti dé, wọ́n ti kà á, wọ́n ti rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní àwọn ará Yangon mọ àwàdà ṣe. Ti òpó, wọn ò tiẹ̀ dá sí i. Wọ́n ní àwọn ti ń rí sísán yẹn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ ṣì ń gba orí ẹ̀ kọjá, odò sì ti ń ga sí i.

Ojú ti Daw Yin. Ó ti ki ọwọ́ bọ òpó yẹn, ó mọ bó ṣe rí nínú. Ní báyìí, nítorí àwàdà ìpínrọ̀ kan, òótọ́ ọ̀hún ti di ẹ̀rín lẹ́nu àwọn tó yẹ kó gbà là.

Ó jókòó, ó kọ ọ́ fúnra ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kìíní lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà gàdàgbà: “Ọ̀gá àgbà kò wọ ọkọ̀ ojú omi. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n òpó kẹta ti sán. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.” Ó fi orúkọ ẹ̀ sí i. Kò tíì kọ ohun tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀.

Àṣé kò rántí irú èèyàn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ wa. Àádọ́ta ọdún ni ìwé ìròyìn fi ń purọ́ fún wa, àwa náà ti mọ bí a ṣe ń kà á. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ọ̀wọ́n epo ò sí, a ó gbé kẹ̀ẹ̀gì jáde. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ara ọ̀gágun kan le koko, a ó béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tí ìlú wá rí i lójú ìwé kìíní pé ọ̀gá àgbà ò wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sẹ́ni tó tún ń ṣiyèméjì mọ́: ọkùnrin yẹn wọ ọkọ̀.

“Pẹ̀lẹ́, Àǹtí,” ni ẹni tó ń gbé tíì wí fún un, ó gbé búrẹ́dì dídín tí kò béèrè síwájú ẹ̀. “A mọ̀ pé wọ́n fipá mú yín ni.”

“Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Irọ́ ni mo pa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Irọ́ lẹ pa.” Ó sì ṣẹ́jú sí i.

Onítáásì ṣẹ́jú sí i. Obìnrin tó ń ta ewé kúnyà, èyí tí wọ́n ń jẹ bí obì, ṣẹ́jú sí i. Ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn kan tó ń rìn kọjá pẹ̀lú abọ́ tó fi ń gbọrẹ dúró, ó súre fún ìgboyà ẹ̀. Nígbà tó fi dọjọ́ kẹta, Daw Yin ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé, torí bó ṣe ń búra tó pé irọ́ lòun pa ni iyì ẹ̀ ń ga sí i. U Hpone Naing nìkan ló gbà á gbọ́ ní gbogbo Yangon, ìyẹn náà sì ní kó má sọ ọ́ sókè mọ́, ó ń ba ara ẹ̀ jẹ́ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà ni fóònù tún dún.

“Àbúrò,” ni Daw Ohn Tint wí, “ó ti wó.”

Daw Yin dìde. Àpótí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣubú. “Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n pé. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Omi dé lójijì, òpó kẹta kúnlẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ kan ló wà lórí ẹ̀, òun náà lúwẹ̀ẹ́ jáde. Láti ọjọ́ márùn-ún la ti ń fi ọkọ̀ apẹja kó àwọn ọmọ kọjá. Kò sí òbí tó jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé afárá yẹn mọ́.”

Daw Yin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí àpótí ti ṣubú, ó sunkún, kò tiẹ̀ bò ó mọ́ra. U Pe Thaung náà ń nu ojú. Daw Yin wá bi í lórí fóònù pé, “Sayama, ṣé ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì yẹn náà ni wọ́n kà lódì?”

Daw Ohn Tint sọ bó ṣe jẹ́.

“Wọ́n kọ́kọ́ wá bi mí ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá, sójà ò jẹ́ kí aráàlú sún mọ́ ibẹ̀, èmi nìkan ni wọ́n ní kí n wá di òdòdó mú. Ọkùnrin yẹn fẹsẹ̀ ẹ̀ rìn kọjá lójú mi. Ó tiẹ̀ fò sókè lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò. Wọ́n wá bi mí pé, ‘Sayama, ṣé lóòótọ́ ló wọ ọkọ̀?’ Mo wo odò. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi sọ òótọ́ fún wọn, àbúrò. Mo ní mo fojú mi méjèèjì rí i.”

“Ẹ̀yin, Sayama?”

“Èmi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń na ọmọ nítorí irọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kúrú. “Kọ ọ́ síbẹ̀ bó o bá fẹ́. Ìwọ ló ní wọn ò ní gé nǹkan kan.”

Daw Yin kọ ọ́. Ìròyìn wíwó afárá Kanyin Gon jáde lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́sàn-án yẹn láìsí eegun kankan nínú ẹ̀, ìpínrọ̀ tó dá lórí Daw Ohn Tint ló sì dára jù nínú gbogbo ẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó rò ó wò bí ọ̀gá àgbà á ṣe gbé Daw Ohn Tint lọ sí ilé ẹjọ́, bí wọ́n á ṣe yọ ọ́ níṣẹ́, bí àwọn ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin á ṣe máa wò ó. Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá fa ìlà kọjá lórí ìpínrọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbé ìyókù fún olóòtú.

Ìwé ìròyìn náà jáde lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo ẹni tó kà á ní Yangon ló ní fúngbà àkọ́kọ́ láyé àwọn, àwọn ti ka ìròyìn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Wọ́n ń kí Daw Yin kú oríire lójú ọ̀nà, ó ń dáhùn, ó ń bá tiẹ̀ lọ.