Ilẹ̀ Lásán ní Ẹnubodè

Ìdí Ìyá Máàpù ni ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ rí nígbà tó ṣílẹ̀kùn. Ìyókù ara wà lábẹ́ tábìlì, ojú lẹ̀ mọ́ tákàdá, eékún méjèèjì lórí orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, kí lẹ tún sọ nù?"

"Ìlú ni, sà." Ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ àjàgbé tó há sí kọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú kúrò lẹ́yìn mi, ìgbà tí wọ́n ń wò ó ti lọ."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Máàpù mẹ́ta ni Ìyá Máàpù tẹ́ sílẹ̀: ti orílẹ̀-èdè tiwọn, àti ti àwọn aládùúgbò méjì. Iṣẹ́ Ìyá Máàpù ni láti so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, títì ní pupa, ojú irin ní dúdú, kí àwọn àlejò tó fẹ́ ṣe ojú irin tuntun lè rí ibi tí yóò gbà láti èbúté títí dé orílẹ̀-èdè kẹta. Ibi tí èèyàn bá ń gbé, àmì kékeré kan ló máa ń wà níbẹ̀. Ojú irin tó bá bá àmì pàdé, yíyà ni yóò yà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba yóò kọ́ ilé mìíràn fún àwọn onílé.

Ṣùgbọ́n àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ ní ìṣe kan. Ohun tó bá bọ́ sí etí tákàdá, wọn kì í yà á. Ẹni tó ni tákàdá kejì ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ fún. Nínú ọ́fíìsì kan, kò sí wàhálà. Èèyàn á kàn ké sí ẹni tó jókòó tì í pé, "Gba abúlé yìí lọ́wọ́ mi o." Ta ni yóò wá ké sí orílẹ̀-èdè kejì? Àwọn tibí fi ẹnubodè sílẹ̀ fún àwọn tọ̀hún, àwọn tọ̀hún náà fi í sílẹ̀ fún àwọn tibí. Nígbà tí Ìyá Máàpù so wọ́n pọ̀, títì fẹnu ko títì, ojú irin fẹnu ko ojú irin, nítorí ìlà ni wọ́n, èèyàn lè fà wọ́n débi tó bá wù ú. Ilé ò ṣeé fà. Gbogbo ẹni tó ń gbé ní bèbè ẹnubodè ti pòórá.

Ìyàwó sì wà lára wọn.

Ìyàwó ni gbogbo ẹbí ń pe opó tí àbúrò ọkùnrin Ìyá Máàpù fi sílẹ̀. Ọkọ ti kú, ó ṣì ń jẹ́ Ìyàwó. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ lé e kúrò nínú ilé tó bá ọkọ rẹ̀ kọ́, ó kó ọmọ mẹ́ta lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́ ní ẹnubodè, níbi tí àwọn tí wọ́n lé níbòmíràn kọ́ ilé páànù sí. Aṣọ ló ń rán níbẹ̀. Ìyá Máàpù ti sùn nílé náà, ó ti jẹ, ó ti mu, ó tiẹ̀ ti já sí kòtò omi ìwẹ̀ wọn rí, tó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló fà á jáde, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Mo mọ ibẹ̀, sà," ó sọ fún ọ̀gá. "Àmì kan péré ló kù kí n fi sí i."

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó. "Ẹ gbọ́, mà. Bí àmì bá wà níbẹ̀, ojú irin máa yà. Bó bá yà, inú ilẹ̀ tí àwọn kan ti rà ló máa gbà."

"Àwọn wo, sà?"

"Àwọn kan. Àwọn tó gbé mi sórí àga."

"Àga tèmi lẹ jókòó lé yẹn, sà."

Lọ́tẹ̀ yìí ọ̀gá rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló fi rín in. "Àwọn tọ̀hún ní tiwa ni wọ́n. Àwa náà ní tiwọn ni wọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. "Àbíkẹ́yìn yín tó wà níta yẹn, ọmọ dáadáa ni. Ó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ onígbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí a fẹ́ sọ di òṣìṣẹ́ gidi ti wà lọ́wọ́ mi. Kí máàpù yìí kàn tètè parí."

Láti ìgbà náà, ìdí Ìyá Máàpù ò gba àga mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Ó mumi, ó lọ tọ̀, ó padà wá mumi. Ó fi àmì náà sí ojú kọ̀ǹpútà, ó pa á rẹ́. Ó tún fi í sí i, ó tún pa á rẹ́. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Ohùn Ìyàwó ni. "Ṣé ẹ̀ ń jẹun dáadáa?"

"Ìyàwó, mò ń jẹun jù. Àga ọ́fíìsì ti ń bẹ̀ mí."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ẹ gbọ́, àwọn kan wá síbí láàárọ̀, wọ́n ń kan igi olórí pupa mọ́lẹ̀. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà mi gan-an. Àwọn ará ibí ní iná ni wọ́n fẹ́ fà wá. Mo ní ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi wà nílé iṣẹ́ máàpù, ẹ jẹ́ n bi wọ́n. Ṣé iná ni?"

Ìyá Máàpù wo ibi tó ti pa àmì náà rẹ́. "Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá gbọ́ o. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná."

"Mo gbọ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì fi àmì náà sí i padà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ohun tó bá fẹ́ dà kó dà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi tí yóò tẹ̀ kí iṣẹ́ náà dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbàgà.

Àbíkẹ́yìn ló wọlé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. "Màmá! Orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ gidi! Ọ̀gá ní ọ̀la ló máa bọ́ síta! Ẹ dìde, ẹ jó!"

Ọmọ tó jáde ní yunifásítì, tó wá di ẹni tí àwọn tí kò kàwé tó o ń rán pé kó lọ ra omi wá. Ìyá rẹ̀ dìde, ó jó. Ó jó títí àwọn ará yàrá kejì fi ń gbá ògiri pé kí wọ́n má wó ilé. Nígbà tí Àbíkẹ́yìn sáré jáde lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Máàpù jókòó, òógùn bò ó. Àmì náà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Ó pa á rẹ́. Ó fi máàpù náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Àwọn àlejò wá, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀. Ìyá Máàpù wá di ẹni tí kì í gbé fóònù: bí Ìyàwó bá ti pè, yóò sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, yóò sì jókòó ti dúrọ́ọ̀ títí fóònù yóò fi dákẹ́. Ó pààrọ̀ àga. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ ń gún òun. Ti tuntun náà gún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbọ́ ohùn kan níwájú, níbi tí Àbíkẹ́yìn ti ń dá àwọn ará ìlú lóhùn, káàdì òṣìṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Àbíkẹ́yìn! Wò ó bó ṣe dára lára ẹ! Èmi tí mo pọ̀n ọ́ tó o tọ̀ sí lẹ́yìn nìyí o!"

"Àǹtí, ẹ rọra, ibi iṣẹ́ nìyí."

Ìyàwó ni, òun àti àgbà ọkùnrin méjì, eruku dé eékún wọn. "Wọ́n ti ń wó ilé wa. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbé níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ya máàpù, èèyàn mi ni wọ́n."

Àbíkẹ́yìn tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ó wò ó dáadáa, tinútinú ló fi wò ó, ó fi bírò tọ ẹnubodè láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Àǹtí, ilẹ̀ lásán ni ibí yìí."

"Ilẹ̀ lásán wo ló ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé?"

"Mi ò sọ pé ẹ ò sí o. Ohun tó wà níbí ni mò ń kà fún yín. Èyí tí kò bá sí lórí máàpù, kò sóhun tí ìjọba lè ṣe sí i."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ti mọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn pákó tó pín yàrá náà sí méjì, Ìyá Máàpù dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí yín! Pákó yẹn ò lè bò yín, ẹ jáde!" Ìyàwó yíjú sí àwọn àgbà náà, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Àwọn ló yà á fúnra wọn. Wọ́n ti sùn nílé mi." Bí Ìyá Máàpù ṣe jáde, Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e lé orí máàpù. "Ẹ fi han ọmọ yín."

Ìka náà mọ ibẹ̀. Ojú irin dúdú ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Àbíkẹ́yìn ń wo ìyá rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọ̀gá ṣí sílẹ̀ díẹ̀.

"Ó dà bíi pé..." Ìyá Máàpù yọ ọwọ́. "Ó dà bíi pé òdì kejì ẹnubodè lẹ bọ́ sí. Ẹ lọ bi àwọn tọ̀hún, bóyá ọ̀dọ̀ wọn lẹ wà."

Ìyàwó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku tí ọwọ́ rẹ̀ ta sórí máàpù náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ba nǹkan jẹ́ nílé onílé.

"Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń bọ̀, mà," ó ní.