Ohùn Bàbá Ìyàwó

"Kí Àbdùlgàfár bá mi fi ọmọ náà fún wọn," Mùbàṣírù wí. Kò gbójú sókè kúrò lára ọkọ̀ ojú omi tó ń fi ọ̀dà dí ihò rẹ̀. "Òun ló mọ ọ̀rọ̀ sọ nínú ilé yìí."

Abibat ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ fún. Hasanat, ọmọbìnrin wọn tí wọ́n máa so yìgì rẹ̀ lọ́la, ló gbé àpótí sún mọ́ baba rẹ̀. Ó bi í bóyá Luqman ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mùbàṣírù ní rárá o, ọmọ gidi ni Luqman. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ti Àgọ́-Ìwòyè wá kí wọn ní Efire, ó bá òun ti ọkọ̀ wọ omi láìro ti aṣọ funfun ọrùn rẹ̀.

"Kí ló wá dé, Bàbá mi?"

Ẹ̀rù ló dé. Nígbà tí Hasanat ṣì kéré, àwọn apẹja Efire rán Mùbàṣírù lọ bá àwọn ará ìjọba sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kan ní Ibiade. Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ ló ti wà létè rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ojú èrò, ẹnu rẹ̀ wúwo, ohùn rẹ̀ di ti adìẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kó ṣe àdúà lásán níbi ìsọmọlórúkọ, yóò wá nǹkan tí yóò lọ ṣe níta. Àbdùlgàfár àbúrò rẹ̀, tí í ṣe olùkọ́, ló ń bá a sọ gbogbo rẹ̀.

Kò sọ èyí fún ọmọ rẹ̀ rí, àfi lónìí. Hasanat gbọ́ ọ tán.

"Bàbá Kékeré yóò sọ ọ́ dáadáa," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Bó ṣe pé ẹ ó kólòlò parí rẹ̀ ni, tiyín ni mo fẹ́ gbọ́."

Mùbàṣírù kò ṣèlérí. Ó kàn ní kó ṣọ́ra kí ọ̀dà má ta sí i láṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́ṣáláṣí kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Hasanat sì wà láàárín wọn. Lẹ́yìn wáàsí, Alùfáà gbé máìkì fún Mùbàṣírù pé kó fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ.

Mùbàṣírù lanu. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Máìkì ń ha agbádá rẹ̀ lára, gbogbo ilé sì ń gbọ́ ọ. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Àbdùlgàfár dìde díẹ̀, ó nawọ́ sí i. Àánú ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Mùbàṣírù wo ọwọ́ náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú ọwọ́ yìí. Ó mi orí pé rárá.

"Ẹ forí jì mí," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀rù èrò máa ń bà mí. Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Luqman, tó jókòó kọjú sí i, rọra ní kó fara balẹ̀, pé àwọn ò kánjú.

Mùbàṣírù mí.

"Èmi Mùbàṣírù, mo fi Ha… mo fi Hasanat ọmọ mi fún Luqman, kó fi ṣe aya."

Luqman dáhùn pé òun gbà. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe alihamudulilahi. Alùfáà nawọ́ láti gba máìkì, ṣùgbọ́n Mùbàṣírù ní ó ku díẹ̀. Ó sọ fún Luqman pé bí Hasanat bá ń bínú, kì í pariwo, ńṣe ló máa ń dákẹ́. Kó má ṣe fi í sílẹ̀ sínú ìdákẹ́ náà, nítorí ọ̀dọ̀ òun baba rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, àmọ́ kò já mọ́.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìhà aṣọ ìkélé.

"Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn?"

Kí àwọn obìnrin tó dáhùn, ohùn kan ṣáájú tiwọn.

"À ń gbọ́ yín, Bàbá mi."